Ajá Méjì Ilé Wa, Ta Ni Ìyálé?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Muṣin, tí orí mi kò tíì ga ju etí ìkòkò ògì ìyá mi lọ, òórùn kíkan ògì ló máa ń jí mi láràárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín ṣe ògì rí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun. Tí mo bá ń bọ̀ níbi tí àwọn ọmọdé ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ṣe ṣúwé, wọ́n á ti ní, "Ọmọ Ìyá Ológì ti dé," kí wọ́n tó rí mi rárá. Mi ò bínú. Ògì yẹn ló ń bọ́ wa.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ là ń gbé, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín wọn kọjá. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ń ṣe, yàrá méjì ni wọ́n gbà, ìyẹn sì ti sọ wá di èèyàn ńlá nínú ilé náà. Iṣẹ́ tèmi kò lópin. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé garawa lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń já wọ àárín ìlà bí ẹni pé ọmọdé kò lójú. Tí mo bá dé, màá dúró ti ìyá mi nídìí asẹ́, màá máa da omi sórí àgbàdo lílọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ rò ó, títí èérí nìkan á fi kù sórí aṣọ asẹ́, tí ògì funfun á ti ṣàn sínú ìkòkò nísàlẹ̀. Bí mo bá da omi jù, wọ́n á fi ìka kàn mí lórí, kó! Ìyá mi kì í pariwo. Ìka wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ mi bá wá tóbi, ìdí ògiri ni màá lọ kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ méjèèjì lókè, ojú sí ògiri, títí ẹnìkan nínú ará ilé á fi kọjá, tí á sì bá mi bẹ̀bẹ̀. Ìyá Múfú tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ló máa ń bá mi bẹ̀bẹ̀ jù, àwọn náà ló sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, o tún ti ń kírun? Mo ṣebí onígbàgbọ́ ni yín!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ ìyá mi.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, mi ò lè mọ iye tí mo jẹ́ gan-an, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n eyín iwájú mi méjì ti yọ, wọ́n sì ti hù padà. Bàbá mi kan orùlé ìsọ̀ fún alápatà kan, iṣẹ́ náà sì wù ú débi pé ó fi ọmọ ajá kan ta wọ́n lọ́rẹ. Abo ni. Awọ rẹ̀ pupa bí èèpo ẹ̀pà, ikùn rẹ̀ rí roboto, ọmú ìyá rẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe di alájá nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ohun tí wọn kò bá lè wí lójú aládùúgbò, orúkọ ajá ni wọ́n á fi wí i. Lọ́sẹ̀ tí ajá yìí dé, ẹnìkan nínú ilé ń sọ kiri pé ìyá mi ń po ẹ̀gẹ́ mọ́ ògì. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn sọ ajá náà ní Fiwọ́nsílẹ̀, wọ́n sì ń pè é láràárọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ohùn tó dùn bí oyin: "Fiwọ́nsílẹ̀ ò! Fiwọ́nsílẹ̀, wá jẹun!" Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi kú.

Fiwọ́nsílẹ̀ di ọmọ ilé. Abẹ́ àga onípákó tí bàbá mi kàn sí ẹnu ọ̀nà wa ló ń sùn. Abọ́ tánganran kan tí etí rẹ̀ ti họ ni abọ́ tirẹ̀. Ó ń jẹ èérí ògì tí a fi eegun ẹja sí, ó ń lé eku kúrò nídìí àpò àgbàdo. Tí a bá ń ṣe bojúbojú, òun ló máa ń tú àṣírí ibi tí mo bá sá pamọ́ sí. Á jókòó síwájú ibẹ̀, á máa ju ìrù. Gbogbo ilé ló ń bá a ṣeré. Mo rò pé kò mọ̀ pé ajá mìíràn wà láyé.

Nígbà tó tó bí ọmọ oṣù márùn-ún, bàbá mi lọ sí abúlé wọn lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ láti mú ìyá wọn wá. Bàbá Àgbà ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ojú Ìyá Àgbà sì ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará abúlé ti ránṣẹ́ sí wa pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú sínú iná nídìí ààrò. Ìyá Àgbà kọ̀, wọ́n ní àwọn ò wá sí Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi bẹ̀ wọ́n. Níkẹyìn wọ́n ní ó dáa, àwọn á wá, ṣùgbọ́n àwọn àti Kòburú ni.

Kòburú ni ajá tí Bàbá Àgbà fi ń ṣọdẹ. Akọ ni, ó ti darúgbó, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun bíi ti baba tó da ògì sí àgbọ̀n, ọ̀yà kan sì ti já etí rẹ̀ ọ̀tún sọ nù láyé ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀, eruku bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n di okùn ajá mú lọ́wọ́ kan, wọ́n di ọwọ́ bàbá mi mú lọ́wọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa mí lójú, wọ́n pa mí nímú, wọ́n pa mí lágbọ̀n, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́ rèé. Imú Àjàní ọmọ mi rèé, kò síbi tó gbà lọ." Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn wọn.

Ibi tí àṣìṣe ti wáyé nìyí, ọwọ́ èmi gan-an ló sì ti wá. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, ọmọdé á máa wo ẹnu. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ó sì ti wọ̀ mí lára. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi ní kí n fún ajá àlejò lóúnjẹ, mo ní màá ṣe é bí ọmọ tí wọ́n kọ́. A ti fa Kòburú gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà. Mo mú abọ́ tánganran Fiwọ́nsílẹ̀, torí kò sí òmíràn, mo bu ẹ̀bà àti orí ẹja sí i, mo gbé e síwájú Kòburú nídìí àga onípákó. Lẹ́yìn náà mo di Fiwọ́nsílẹ̀ mú, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì sílẹ̀, mo ní, "Kí Bàbá. Ó yá, kúnlẹ̀, kí Bàbá."

Ẹ̀rín pa gbogbo ará ilé. Fiwọ́nsílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rí abọ́ rẹ̀, ó rí ibùsùn rẹ̀, ó rí ajá tí kò mọ̀ rí tó ki ẹnu bọ ẹja. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó fò mọ́ abọ́. Kòburú kò tilẹ̀ gbó. Ó kàn yí ẹnu, ó bù ú jẹ létí. Igbe tí ọmọ ajá náà ké, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Ó sá gba àárín ẹsẹ̀ ìyá mi, Kòburú gbá tẹ̀lé e, ìkòkò ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ sì dojú dé. Gbogbo ògì tí a fẹ́ tà lọ́jọ́ kejì ṣàn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Múfú.

Ìyá Múfú gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n pariwo, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbé ṣúgà wá o! Ẹ̀kọ ti dé ilẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà títí orúnkún mi fi kú.

Láti ọjọ́ Ajé, ogun ni. Bí mo ṣe ń fi Kòburú ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni Fiwọ́nsílẹ̀ ń burú sí i. Ajá tó ti mọ ìta lò, ó padà ń tọ̀ sí yàrá. Ó fa gèlè Ìyá Àgbà ya wẹ́wẹ́. Á lọ dùbúlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Tí Kòburú bá ti fẹ́ kọjá, ó di gbígbó, èkejì á dá a lóhùn, àwọn ọmọ ọwọ́ inú ilé á bá wọn gbè é. Mo tún ń bá ọmọ ajá náà wí, mo ń gbá a nídìí, mo ní kí ló dé tí kò bọ̀wọ̀ fágbà. Àwọn ará ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní àgbà ni àgbà ń jẹ́, kí ọmọ ajá lọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn kan ní àlejò kì í wá sílé kó di onílé mọ́ onílé lọ́wọ́. Bàbá Múfú ní kí a kúkú pa méjèèjì, kí ilé tòrò. Ìyàwó wọn kò fún wọn lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nínú yàrá tiwa náà, nǹkan kò rọgbọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbó. Ìyá Àgbà ti ṣe ògì rí lábúlé. Wọ́n tọ́ ti ìyá mi wò, wọ́n ní àgbàdo náà kò rẹ tó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba asẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n fi bí a ti ń ṣe é hàn ọ́." Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá wa," wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́ sórí itan. Ohùn wọn tutù bí omi ìdí àmù. Èmi tí mo mọ ìka wọn, mo mọ̀ pé inú ń bí wọn.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Onílé fúnra wọn wá sẹ́nu ọ̀nà wa, aṣọ ìbora ní èjìká, ojú pupa bí ẹni tí kò sùn.

Wọ́n ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá kan, mo gbà. Ajá méjì tó bá gbọ́ ara wọn yé, mo lè fara mọ́ ọn. Àmọ́ èyí? Bí wọ́n bá ṣì ń jà títí Sátidé, ọ̀kan á kúrò nílé mi."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún wa lọ́sẹ̀ méjì."

"Mi ò ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Sátidé ni mo wí."

A wọlé. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ajá tí yóò lọ. Ìyá Àgbà ló wá sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní, "Àjàní, má da ara rẹ láàmú. Awakọ̀ tó gbé wa wá ń padà sókè lọ́jọ́ Sátidé. Sọ fún un kó fi àyè mi sílẹ̀. Ajá tí ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́, mi ò ní í já a sílẹ̀ lójú títì Èkó."

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ta ni yóò máa bá yín dá iná?"

Ìyá Àgbà fa okùn Kòburú mọ́ra. Bàbá mi jáde, wọ́n mú ayùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an. Fiwọ́nsílẹ̀ ni ajá mi, èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òun ló máa lọ, ó ṣeé ṣe kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ títì, gbogbo wa ló sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ajá ṣe tí ọdún Ògún bá dé. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, Ìyá Àgbà ti gbà mí lọ́wọ́ ìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹní kan náà la jọ ń sùn lé. Wọ́n á máa họ mí lẹ́yìn, wọ́n á máa ki oríkì mi láìfo ìlà kan, títí oorun á fi gbé mi lọ. Bí wọ́n bá padà sí ìdí ààrò yẹn pẹ̀lú ojú tó ti ṣú, mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Ìyá Àgbà jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà. Èmi ń fojú ṣa á, àwọn ń fọwọ́ ṣa á, tiwọn sì mọ́ ju tèmi lọ. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá Àgbà, ṣé Kòburú kọ́ ni àgbà ni? Kí ló dé tí Fiwọ́nsílẹ̀ ò bọ̀wọ̀ fún un?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó bọ̀wọ̀ fún un? Àṣàkẹ́, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Nígbà tí bàbá bàbá rẹ fẹ́ mi, opó ni mí, mo ti bímọ rí. Ìyálé tí mo bá nílé, ọmọdébìnrin ni, ẹni tí mo lè gbé pọ̀n. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wọlé. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Òun ló ń bu ọbẹ̀, èmi ni mò ń gbé abọ́. Ọjọ́ orí kì í bá obìnrin wọlé ọkọ, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà léèyàn ń fi í sílẹ̀ sí."

"Ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí wọra! Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mi ò bá a du abọ́, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n. A jọ lo ìyókù ayé wa ni."

Lódì kejì ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi ń fọ asẹ́, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ìyá Àgbà yí etí sí ohùn omi náà. Ìka wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọ́n ní, "A ṣi ìyàwó yìí mú wọlé. A ò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo rò pé Kòburú nìkan ni wọ́n ń wí.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà ní kí bàbá mi gbé ayùn sílẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi di okùn Kòburú mú, kí èmi mú ti Fiwọ́nsílẹ̀, kí a má jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A forí lé apá Ìlúpéjú. Lásìkò yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ síbẹ̀ ni. Koríko ṣì ga ju èmi lọ níbi púpọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì jẹ́ ti ajá kankan. Bàbá mi rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan, èmi rìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìyá Àgbà wà láàárín pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Fiwọ́nsílẹ̀ gbó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kòburú kò wo ibẹ̀.

Ìyá Àgbà ń sọ pé, "Ẹ máa rìn. Ẹ má bá wọn wí. Àwọn tó bá jọ rìn jìn kì í ráyè bínú."

Bí koríko ṣe kan Kòburú nímú báyìí, ó yí padà di ajá mìíràn. Ìrù rẹ̀ tó ti wà láàárín itan láti ọjọ́ tó ti dé Èkó, ó nà. Ó ń gbóòórùn ilẹ̀, ó ń fa bàbá mi. Nígbà tó dé ìdí ihò òkété kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń fò sẹ́yìn. Fiwọ́nsílẹ̀ dákẹ́. Ó na ọrùn. Kò rí irú èyí rí láyé rẹ̀. Eku ìdí àpò àgbàdo nìkan ló mọ̀. Bàbá mi wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ní, "Jẹ́ kó súnmọ́ ọn." Mo dẹ okùn díẹ̀. Ọmọ ajá náà rọra wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ ilẹ̀, ó tún ki èkejì bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí iyẹ̀pẹ̀ fi kún imú àwọn méjèèjì. Òkété kò jáde. Mo rò pé ó ti gba ẹ̀yìn lọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà ni àwọn ajá méjèèjì ń gbà, ọ̀pá Ìyá Àgbà nìkan ló wà láàárín wọn.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká délé, Ìyá Àgbà ní kí n mú Fiwọ́nsílẹ̀ wọlé ṣáájú, kó lọ dúró lórí ibùsùn rẹ̀ bí ẹni tó nilé. Kí Kòburú dúró síta. Wọ́n wá pe ìyá mi pé kí wọ́n bu omi tútù wá sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó kì í gbé eruku ọ̀nà wọlé ọkọ. Wọ́n á da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó bá tẹ̀ lé e bọ̀ á bá omi lọ. Ìyá mi gbé omi wá, wọ́n wo ajá, wọ́n wo ìyá ọkọ wọn, wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹsẹ̀ ajá?"

"Ẹsẹ̀ ajá ni. Ìyàwó tuntun ni. Fiwọ́nsílẹ̀ ni ìyálé."

Ìyá Múfú tó ń gé ewébẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ìyàwó onírùngbọ̀n! Ìyàwó tó ti hewú kó tó rọ́kọ!" Gbogbo ilé tú jáde. Wọ́n gbé orin ìyàwó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kò lè di ẹ̀rín mọ́ra mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bu omi sí Kòburú lẹ́sẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ajá náà ń gbé ẹsẹ̀ fún wọn bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tó ti wá nìyẹn. Ìyá Múfú ní, "Ó mọ̀ ọ́n o! Ọkọ kejì nìyí!" Kódà Bàbá Onílé yọjú lójú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká wọn ń mì.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ dìde, Ìyá Àgbà bọ́ bàtà wọn. Wọ́n fi ọ̀pá wá ibi tí omi wà, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí erùpẹ̀ Ìlúpéjú ti bò.

Wọ́n ní, "Da ìyókù sí tèmi, ìyàwó mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé yìí. Èmi náà ò tíì wọ̀ ọ́ dáadáa."

Orin dá. Ìyá Múfú dákẹ́, ìyẹn sì jẹ́ ohun ìyanu. Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú eékún méjèèjì, wọ́n da omi sí ìyá ọkọ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fọ àárín ọmọ ìka, wọ́n sì fi ìṣẹ́tí aṣọ ara wọn nù ún. Bàbá mi kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ méjì ni mo lò. Mo gbé tánganran fún Fiwọ́nsílẹ̀ ní àyè rẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ fún. Mo bu ti Kòburú sínú igbá kan, mo gbé e sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún. Mò ń wẹ̀yìn nítorí pàṣán bí mo ṣe ń fi ọmọdé ṣáájú àgbà. Wọ́n jẹun. Kò sẹ́ni tó gbó.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Awakọ̀ tó ń lọ sókè ti ń fun fèrè lójú títì, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀, torí Bàbá Onílé ti dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Fiwọ́nsílẹ̀ nà gbalaja sí àárín ọ̀nà. Ìgbà náà gan-an ni òùngbẹ gbẹ Kòburú. Ó dìde, ó ń bọ̀ wá síbi omi. Fiwọ́nsílẹ̀ gbórí sókè, ó kùn hùn-ún. Kòburú dúró. Ó wò ó, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ibòmíràn, bí àgbàlagbà tó dúró de ẹni tó wà nílé ìwẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, Fiwọ́nsílẹ̀ yán, ó dìde, ó yà fún un.

Bàbá Onílé mi orí. Wọ́n ní, "Ajá yìí gbọ́n ju àwọn ayálégbé mi lọ." Wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá mi sáré lọ sọ fún awakọ̀ kó fún ẹlòmíràn láyè náà.

Mi ò ní í purọ́ fún yín, kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n di ọ̀rẹ́. Wọ́n ṣì kùn síra wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Lójoojúmọ́ ni mò ń sún igbá Kòburú mọ́ tánganran ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Tí wọ́n bá kùn, màá tún sún un sẹ́yìn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an kí n tó bá àwọn méjèèjì lábẹ́ àga onípákó láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọmọ ajá náà gbé orí lé ẹ̀yìn arúgbó. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá mi gbé asẹ́ wá bá Ìyá Àgbà fúnra wọn, wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, mi ò mọ̀ bóyá ó kan tó." Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó dára. Nílé yẹn ni Ìyá Àgbà wà títí mo fi rọ́kọ.

Ayé ti yí padà. Ní Sùúrùlérè tí mo wà lónìí, ajá ń jẹ oúnjẹ inú àpò, ajá ní dókítà, ó ní káàdì abẹ́rẹ́. Ìyẹn dáa, láyé tiwa, ajá tí ara rẹ̀ kò bá yá, epo pupa la fi ń pa á lára, a sì ń retí àánú Ọlọ́run. Mi ò ní sọ pé ìgbà yẹn dára ju ìsinsìnyí lọ nínú ohun gbogbo. Orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mò ń rí àwọn èèyàn tó ní ọmọ ajá, tí wọ́n á tún lọ ra òmíràn, wọ́n á gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á jù ú sínú ọgbà bá ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé kí ló dé tí wọ́n ń jà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ sọ pé fóònù òun náà ní ìta ni kí a ti kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n pàdé, kí a jẹ́ kí wọ́n jọ rìn, kí a bu oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má gba àyè lọ́wọ́ èyí tó ti wà nílé. Mo ní kó bi fóònù náà nípa ẹsẹ̀ fífọ̀. Ó ní kò mọ ìyẹn.

Èmi náà ti di Ìyá Àgbà. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú ilé yẹn tipẹ́tipẹ́ kí n tó dé. Kò sẹ́ni tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Géètì ló ṣí, ilẹ̀ ń dán, wọ́n ní kí n máa wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ìyàwó ọmọ mi ní ilé ìdáná. Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀ fún mi tọ́ wò, ẹnu sì ń yún mi láti fi bí a ti ń sè é hàn án. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ìyàwó mi, níbo lẹ ń gbé iyọ̀ sí nílé yìí?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí kan lókè, ó fi hàn mí. Ibẹ̀ náà ni mo ń dá a padà sí títí dòní.